Ta ló ni ilẹ̀? Bí ìpinnu ọjọ́ kan ní 1978 ṣe ń darí ẹbí, báńkì àti gómìnà títí dòní

Bí ẹ bá ra pílọ́ọ̀tì kan lọ́wọ́ ẹbí onílẹ̀ ní Ìkòròdú tàbí ní Mowe lónìí, tí ẹ sanwó pé, tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ilé fọwọ́ síwèé, tí lọ́yà tiyín náà fọwọ́ sí i, ẹ ò tíì ní ilẹ̀ lójú òfin. Ẹ̀tọ́ láti máa lo ilẹ̀ ni ẹ rà, ìyẹn gan-an ò sì tíì fìdí múlẹ̀ títí gómìnà yóò fi ní òun fọwọ́ sí i. Nígbà tí C of O, ìwé ẹ̀rí tí gómìnà fi ń fúnni láṣẹ láti lo ilẹ̀, bá wá jáde, iye ọdún ni wọn yóò kọ sínú rẹ̀. Ọdún 99 ló wọ́pọ̀ jù.

Kì í ṣe bí àwọn bàbá wa ṣe mọ ilẹ̀ nìyí. Ọjọ́ tí nǹkan yí padà ní déètì tó dájú: ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1978. Ọjọ́ náà ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé òfin kẹfà ọdún yẹn jáde, èyí tí wọ́n pè ní Land Use Decree nígbà náà, tí gbogbo wa mọ̀ sí Land Use Act báyìí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún. Ó ṣeé ṣe kó ti ra ilẹ̀, kó ti tà á, kó ti ṣẹjọ́ lórí rẹ̀, kó má sì mọ̀ pé ìgbà kan wà tí gómìnà ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ọ̀rọ̀ òfin yìí kì í tutù. Ìgbàkigbà tí àwọn aṣòfin l'Ábújá bá ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè láti tún un ṣe, ẹnìkan á dìde pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí pẹ̀lú, ìjọba àpapọ̀ àti Báńkì Àgbáyé ti ń sọ̀rọ̀ lórí ètò láti forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí ni kò ní ìwé ìjọba kankan lórí. Ẹni tó bá fẹ́ lóye ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ní láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú.

Kí 1978 tó dé

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí ló ni ilẹ̀. Olórí ẹbí ń bójú tó o, àmọ́ kò lè dá tà á bí ẹni ta ewúrẹ́ rẹ̀. Àlejò tó bá fẹ́ dáko á wá ẹni tí yóò mú un wọlé, wọ́n á fi ibi tí yóò máa ro hàn án, òun náà á máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ náà lè má ju iṣu díẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ kòkó tàbí owó. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń san án ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ ní 1912 láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, olóyè kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, Elesi ti Odogbolu, sọ fún wọn pé lójú òun, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, tí ìwọ̀nba díẹ̀ wà láyé, tí àìmọye nínú wọn ò sì tíì dé ayé. Mi ò tíì rí abala òfin kankan tó sọ ọ̀rọ̀ náà kún tó bẹ́ẹ̀.

Ètò yìí ní àléébù tirẹ̀, kò sì yẹ ká fi í pamọ́. Bí owó ṣe ń wọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, pàápàá l'Ékòó àti ní ìgbèríko rẹ̀, ẹ̀ka ilé kan á ta ilẹ̀ láì jẹ́ kí ẹ̀ka kejì gbọ́. Ẹni mẹ́ta á ra ilẹ̀ kan ṣoṣo, ẹjọ́ á wà ní kóòtù títí àwọn tó pe ẹjọ́ á fi kú. Kò sí ìwé kan pàtó tí ẹni tó fẹ́ rà lè lọ wò kí ó tó sanwó.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ ẹbí fìdí múlẹ̀ débi pé ìjọba amúnisìn fúnra rẹ̀ ò rí i gbé mì. Ní oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun wọn lójú omi. Àwọn aláṣẹ wá ń sọ pé ìwé yẹn ti kó ilẹ̀ Èkó pẹ̀lú fún ọba wọn. Nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olúwa Amodu Tijani, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè onífìlà funfun, ní kí wọ́n san owó gbà-má-bìínú fún ìdílé òun bí ẹni tó ni ilẹ̀. Àwọn kóòtù tó wà ńlẹ̀ níbí ní rárá, wọ́n ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò kọjá kí ó máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a rìnrìn àjò náà ní 1920. Ní 1921, Ìgbìmọ̀ Ọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn láti àwọn ìlú amúnisìn dá a láre. Wọ́n ní pé ìjọba yí padà kò túmọ̀ sí pé ohun ìní ará ìlú ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, àti pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀, kí wọ́n sanwó fún un bí wọ́n ṣe ń sanwó fún ẹni tó ni ín pátápátá. Ìlú Èkó yọ̀ gan-an. Ẹ fi ìdájọ́ yìí sọ́kàn.

Òkè Ọya gba ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn tí Lugard, aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì ní Òkè Ọya, ti ṣẹ́gun Sókótó ní 1903, ìjọba amúnisìn tó fìdí kalẹ̀ sí Zungeru ṣe òfin ilẹ̀ kan ní 1910. Ó sọ pé gómìnà ni àkóso ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó máa bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ kò ju ẹni tó ní àṣẹ láti gbé ibẹ̀ lọ. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1916. Nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn gba ìjọba, Ẹkùn Àríwá tún un kọ ní 1962, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò yí padà. C of O tí ará Èkó ń fi ọ̀rá wé sínú àpótí lónìí, inú òfin Zungeru yẹn ló ti ṣẹ̀ wá.

Owó epo dé

Láàárín 1973 sí 1974, iye owó epo rọ̀bì fò sókè lọ́jà àgbáyé, owó sì ya wọ Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn ya wọ ìlú ńlá. Owó Udoji, àfikún owó fún òṣìṣẹ́ ìjọba, dé, owó oṣù lé sí i, owó ilé sì lé ju owó oṣù lọ. Ìjọba fẹ́ la ọ̀nà márosẹ̀, fẹ́ kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́, fẹ́ tẹ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá dó. Ní 1976, wọ́n sọ ìpínlẹ̀ di 19, Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́ sì di olú ìlú tuntun tó nílò ilẹ̀ fún sẹkitéríàtì, ilé ìgbé òṣìṣẹ́ àti gbogbo ohun tó ń bá olú ìlú rìn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pinnu pé Àbújá ni olú ìlú orílẹ̀-èdè yóò wà. Níbi gbogbo tí ìjọba bá yà sí ní gúúsù, ẹbí kan wà níbẹ̀ tó ń dárúkọ owó, ẹjọ́ sì lè tẹ̀lé e.

Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀wọ́ngógó ní 1975 sọ pé ilẹ̀ wà lára ohun tó ń dínà. Ìgbìmọ̀ tó wádìí owó ilé ní 1976 sọ ohun tó jọ ọ́. Ní oṣù Kẹrin 1977, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Chike Idigbe láti gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹ̀wò jákèjádò orílẹ̀-èdè. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí òfin dé.

Mi ò ní sọ pé ète wọn burú. Wọ́n rí àwọn olówó tó ń ra ilẹ̀ ìgbèríko pamọ́ de ọ̀wọ́n, wọ́n sì rí òṣìṣẹ́ tí kò lè rí pílọ́ọ̀tì kan rà. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní àǹfààní sí ilẹ̀ níbikíbi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: wọ́n mú òfin Òkè Ọya, wọ́n sì tẹ́ ẹ lé gúúsù tó ti ń tà tó sì ń rà fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Abala kìíní sọ pé gbogbo ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti di ti gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ilẹ̀ ìlú ńlá wà lọ́wọ́ gómìnà tààrà, ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó ti ìgbèríko. Ẹni tó bá ti kọ́ nǹkan sórí ilẹ̀ rẹ̀ kí òfin tó dé, wọ́n kà á sí ẹni tí gómìnà ti fún láṣẹ. Ẹni tí ilẹ̀ òfìfo rẹ̀ ní ìlú ńlá bá ju ìdajì hẹ́kítà lọ, ìyẹn nǹkan bíi pílọ́ọ̀tì méje àbọ̀, èyí tó lé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Abala 22 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà, kó fi dógò, tàbí kó gbé e fún ẹlòmíràn láì gba kọ́ńsẹ́ǹtì gómìnà, ìyẹn ìfọwọ́sí rẹ̀. Abala 26 sì sọ pé ohun tí wọ́n bá ṣe láì tẹ̀lé òfin náà, òfo ni.

Ìpinnu kejì wà tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi òun ló le jù. Àwọn ológun ń múra láti gbé ìjọba fún alágbádá ní 1979. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n yàn láti jíròrò ìwé òfin tuntun ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn ológun tó ga jù lọ wá fi àyípadà 17 kún un kí wọ́n tó gbé e jáde, ọ̀kan lára wọn sì ni pé kí òfin ilẹ̀ wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, kó má ṣeé tún ṣe bíi ti òfin yòókù. Ìwé òfin 1999 gbé e bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Láti yí ẹyọ abala kan padà nínú rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú-ṣòfin àti ti àwọn aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ gbà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì gbọ́dọ̀ gbà pẹ̀lú. Òfin tí ológun ṣe láì bi ẹnikẹ́ni, alágbádá ò lè fọwọ́ kàn án àfi bí gbogbo orílẹ̀-èdè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹbí

Ẹbí kò dẹ́kun títa ilẹ̀. Ohun tó dẹ́kun ni pé òfin ń rí wọn. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta 1978, ìwé tí olórí ẹbí tẹ àtàǹpàkò sí ní agbára. Lọ́jọ́ kejì, kò ní agbára kan náà mọ́ bí gómìnà ò bá fọwọ́ sí i. Àwọn ènìyàn wá ọ̀nà tiwọn. Ẹ bi lọ́yà àgbà èyíkéyìí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ilẹ̀, yóò sọ fún yín nípa ìwé àdéhùn tí wọ́n kọ ní àwọn ọdún 1980 tí déètì orí rẹ̀ jẹ́ 1976 tàbí 1977. Gbogbo rẹ̀ á pé: orúkọ ẹ̀ka ilé, igi ìpààlà, àwọn ẹlẹ́rìí, títí kan ìwé ẹ̀rí owó. Déètì nìkan ni irọ́, nítorí pé ilẹ̀ tí wọ́n bá tà ṣáájú 29 oṣù Kẹta kò ní kọ́ńsẹ́ǹtì nínú. Ẹni tó rà á kì í ṣe olè, ẹni tó tà á kì í ṣe olè, ṣùgbọ́n irọ́ ni ìpìlẹ̀ ilé tí wọ́n kọ́ sórí rẹ̀, àwọn ọmọ wọn ló sì ń bá irọ́ náà pàdé ní kóòtù.

Ibí yìí náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ ti wọlé. Òfin kọ́ ló dá ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀. Ìjà ilẹ̀ ti wà ṣáájú. Ohun tí òfin ṣe ni pé ó gba ilẹ̀ lórúkọ lọ́wọ́ ẹbí, ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí rẹ̀, kò sì fún wọn ní ipò kankan tí wọ́n lè fi máa rí owó tó tọ́ lórí rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹbí tó mọ̀ pé ìjọba lè gbé ilẹ̀ lọ lọ́la á tà á lónìí, á sì tà á tán. Àwọn ọmọ tó bá dàgbà lẹ́yìn náà kò bá nǹkan kan nílẹ̀ ju ẹni tó ń kọ́lé lọ. Wọ́n á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ wa ìpìlẹ̀, wọ́n á gba nígbà tó bá fẹ́ da dẹ́kìn, wọ́n á tún padà wá nígbà tó bá fẹ́ kanlé. Àwọn tó burú jù nínú wọn di ajagungbalẹ̀ tí àwọn olówó ń gbà síṣẹ́. Èkó ṣe òfin kan ní 2016 tó fi ẹ̀wọ̀n de ẹni tó bá fipá gba ilẹ̀ onílẹ̀, Ògùn náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Mo fara mọ́ àwọn òfin náà. Ṣùgbọ́n ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọkùnrin tó mú àdá dání, wọn ò bi í léèrè bí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ṣe tán.

Ní Èkó, ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹbí fi mọ̀ pé agbára ti kúrò lọ́wọ́ òun. Ìjọba lè kéde pé gbogbo ilẹ̀ abúlé kan ti wà lábẹ́ rẹ̀ fún ìlò ọjọ́ iwájú. Abúlé náà á wá kọ̀wé bẹ̀ pé kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ padà fún àwọn. Èyí ni excision tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ fi ń polówó. Bí ìjọba bá gbà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú gazette, ìwé ìkéde ìjọba, ẹbí á sì lè tà láìbẹ̀rù. Bí wọn ò bá gbà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rà lẹ máa jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sanwó ilẹ̀ kankan ní agbègbè Lẹ́kkí, Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú kí awọnlẹ̀ tó bá yín wo àwòrán ilẹ̀ náà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Álàúsá, kódà bí ẹbí ọ̀rẹ́ yín ló ń tà á.

Àwọn àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ náà gbọ́ òfin 1978 ní ọ̀nà tiwọn. Àwọn kan ní bí gbogbo ilẹ̀ bá ti di ti gómìnà, kí ni àwọn ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún? Wọ́n dá a dúró, ìjà sì bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ibi oko kòkó. Ní 1991, nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé òfin náà kò sọ àlejò di onílẹ̀. Ọdún 13 ti kọjá kí ìdájọ́ yẹn tó dé.

Báńkì àti ẹni tó yáwó

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí òfin yìí ṣe wọ inú ọrọ̀ ajé, ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo ni kí ẹ wò. Ajilo fi ilé rẹ̀ l'Ékòó dógò ní báńkì, owó jáde. Nígbà tí owó náà kò padà, báńkì fẹ́ ta ilé. Ajilo gba kóòtù lọ, ó ní ìdógò náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nítorí pé kò sí kọ́ńsẹ́ǹtì gómìnà lórí rẹ̀. Lójú ẹni tó ń gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ẹni jẹ gbèsè tó tún fẹ́ gba ẹ̀bùn. Báńkì ní ilé náà ti wà kí òfin tó dé, nítorí náà kò yẹ kí kọ́ńsẹ́ǹtì kàn án. Ní 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá Ajilo láre: ilé tó ti wà ṣáájú 1978 àti èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló nílò kọ́ńsẹ́ǹtì. Ìdógò báńkì di òfo. Adájọ́ Obaseki kọ ọ́ sínú ìdájọ́ náà pé abala kọ́ńsẹ́ǹtì yìí yóò fún àwọn onílé àti onílẹ̀ tó ń fi ohun ìní wọn yáwó lọ́rùn. Ó mọ ohun tí òfin náà yóò fà, síbẹ̀ kò lè ṣe é ní ọ̀nà mìíràn, nítorí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Láti ọjọ́ yẹn, báńkì kì í yá ènìyàn lówó lórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé tó pé. Ní 1995, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dẹ okùn náà díẹ̀, ó ní àwọn méjì lè kọ́kọ́ ṣe àdéhùn kí wọ́n tó lọ gba kọ́ńsẹ́ǹtì. Ìyẹn ran àwọn tó ní lọ́yà lọ́wọ́. Ẹni tó ní ilé yàrá mẹ́fà ní Ìbàdàn, tí bàbá rẹ̀ kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí, tí kò ní ìwé ju ìwé àdéhùn lọ, kò lè mú ilé náà lọ sí báńkì kankan. Ó ní ohun ìní, kò sì lè fi dá òwò sílẹ̀. Láti gba C of O, ó ní láti san owó awọnlẹ̀, owó orí tó ti jẹ sẹ́yìn, owó ìwé àti owó àwọn tó ń gbé fáìlì láti tábìlì kan dé òmíràn. Èkó ti dín owó kọ́ńsẹ́ǹtì kù gan-an sí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n bá ka ilẹ̀ sí, ó sì yẹ ká yìn wọ́n fún un. Àmọ́ àsìkò tí fáìlì ń lò kò tíì tẹ̀lé owó náà wálẹ̀.

Bí ìjọba bá gba ilẹ̀

Ẹ rántí Olúwa àti Macaulay. Ohun tí wọ́n kọjá òkun lọ gbà ní 1921 ni pé kí ìjọba sanwó ilẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Lábẹ́ òfin 1978, gómìnà lè gba ilẹ̀ padà nítorí àǹfààní ará ìlú, owó gbà-má-bìínú tó sì yẹ lórí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó ilẹ̀ tí ènìyàn san lọ́dún tí wọ́n gbà á lọ. Wọ́n á ṣírò iye ilé tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á ṣírò igi kòkó àti irúgbìn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di ọ̀fẹ́. Abala 47 tún sọ pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ wádìí bóyá owó náà tó. Ọdún 57 ló wà láàárín ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù àti òfin yìí. Ó dùn mí pé ìjọba ọmọ Nàìjíríà ló gba ohun tí ìjọba àjèjì fún wa padà.

Maroko ni gbogbo ayé mọ̀. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lábẹ́ Raji Rasaki fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje, wọ́n sì wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni wọ́n ní ó ń gbé ibẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn rí ilé gbà níbòmíràn, àwọn yòókù fọ́n ká. Ilé olówó ńláńlá ló wà níbẹ̀ báyìí.

Ìdí tí kò fi yí padà

Ààrẹ Umaru Yar'Adua gbìyànjú. Ní 2009, ó gbé ìgbìmọ̀ àtúnṣe ilẹ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, ó sì gbé àbá lọ síwájú àwọn aṣòfin pé kí kọ́ńsẹ́ǹtì mọ sórí títa ilẹ̀ pátápátá nìkan, kí ìdógò àti ìyálò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbá náà kò di òfin. Yar'Adua kú ní oṣù Karùn-ún 2010.

Èèwọ̀ tó wà nínú ìwé òfin kọ́ ni ìṣòro gan-an. Àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àyípadà, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n wà, gbogbo wa la sì mọ bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ṣe máa ń wo ojú gómìnà. Gómìnà wo ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ jọ̀wọ́ ohun tó fi ń wá olùdókòwò, tó fi ń san ọ̀rẹ́ lóore, tó fi ń rí owó lóṣooṣù?

Ohun kan wà tí àwa tí a ń bú òfin yìí gbọ́dọ̀ gbà. Nígbà tí ìjọba Buhari gbé ètò RUGA jáde ní 2019, láti wá ilẹ̀ fún àwọn darandaran ní àwọn ìpínlẹ̀, àwọn gómìnà gúúsù sọ pé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ àwọn, àwọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Àbújá ò ní ipá kankan níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ dá ètò náà dúró. Òfin tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ní 1978 ni wọ́n fi dí Àbújá lọ́nà ní 2019. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá tí wọ́n kórìíra kọ́ńsẹ́ǹtì gómìnà ń bẹ̀rù pé bí wọ́n bá yọ òfin náà kúrò nínú ìwé òfin, ilé aṣòfin àpapọ̀ lè fi ìbò ọjọ́ kan ṣoṣo kọ ohun tó burú jù ú lọ sípò rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ó wà lára ìdí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí wọ́n fa gbogbo òfin náà ya.

Ohun tí mo fara mọ́ ni pé kí ìdènà sí Àbújá dúró, kí ọwọ́ gómìnà sì kúrò nínú òwò láàárín ẹni méjì tí orí wọn pé. Nítorí náà, nígbà tí àbá mìíràn bá tún jáde, abala mẹ́ta ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Ẹ wo 22, bóyá ènìyàn lè fi ilé rẹ̀ dógò láì gba kọ́ńsẹ́ǹtì. Ẹ wo 29, bóyá wọ́n á sanwó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ẹbí tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo 47, bóyá ẹbí náà lè lọ sí kóòtù pé owó ọ̀hún kò tó. Bí wọn ò bá fọwọ́ kan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó jẹ́ pé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé wá, orúkọ wa ni wọ́n fẹ́ kọ sórí ìwé, ilẹ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí ní 1978.